Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ń Jókòó Ṣiṣẹ́ Máa Dìde



Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ìbò la sábà máa ń sọ níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àṣẹ náà ni: ta ló láṣẹ lórí àkókò ẹni tó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Àtàárọ̀ ló ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, pàápàá tí ọdún bá ń bọ̀. Nígbà ẹ̀rọ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹsẹ̀ ṣì ń rí nǹkan ṣe. Ti oníná òde òní, a kàn ń gbé ẹsẹ̀ lé e ni. Bó bá dìde nara díẹ̀, wọn á ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń dìde kí oníbàárà, ó ń jáde lọ ra òwú. Ọmọ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n kàn mọ́ àga.

Ẹ wo awakọ̀ tó ń ná Kútọnu sí Parakú. Ọ̀nà náà ju 400 kìlómítà lọ, ó sì gba Ṣábẹ̀ẹ́ wa kọjá. Owó tó máa gbé fún olówó ọkọ̀ lálẹ́ ni kì í jẹ́ kó dúró.

Nígbà tí a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, bí ẹni ń fún aṣọ tútù, kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè padà sí ọkàn. Tí a bá jókòó gbọnin fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ́ra, ẹsẹ̀ á wú. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan. Bó bá já, tó dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn lójijì.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1940, nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn ń fi òru jókòó lórí àga níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Dókítà Keith Simpson kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan tí bọ́ǹbù ò bà rárá kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó wú ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ kí aláboyún, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àti àgbàlagbà ṣọ́ra jù.

Kí la máa ṣe? Ká máa dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ká rìn díẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ká máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò, ká máa yí ọrùn ẹsẹ̀. Ká mu omi. Kí awakọ̀ dúró ní wákàtí méjì-méjì, kó bọ́ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń dunni, tó ń gbóná, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí mímí bá nira lójijì, tàbí tí àyà ń dunni, ẹ má dúró rárá.

Ohun tí à ń bèèrè kò ní owó nínú. Ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ, ìṣẹ́jú márùn-ún péré nínú wákàtí kan ni. Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, ẹ ka ìdúró mọ́ ìrìn àjò nígbà tí ẹ bá ń dá owó lé awakọ̀. Ẹ̀yin tí a dìbò fún, tí ẹ wà ní mérì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti búrọ́ọ̀ tiyín, kí ẹ sì mú un dé ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Wọ́n lè ní iṣẹ́ ò ní parí. Aṣọ tí kò parí lónìí, ọ̀la ń bọ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ pé kó wá kọ́ṣẹ́, àwọn òbí rẹ̀ ń retí pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn padà wálé.