Ta Ló Ṣe É, Tàbí Kí Ló Mu?

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílẹ̀ káàárọ̀-oòjíire bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ lóru, tó ń di etí nítorí ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó sì ń fẹ̀sùn kan ìyá tó bí i lọ́mọ pé ó bu májèlé sínú ọbẹ̀ òun, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí ni pé, ta ló ṣe é? Wọn a wo ojú orogún, wọn a wo ojú àbúrò bàbá, wọn a gbé e láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn, títí owó ilé yóò fi tán, tí ilẹ̀ bàbá yóò sì di títà. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: kí ni ọmọ yìí ń mu, ọjọ́ wo ló sì mu ún kẹ́yìn?

Ìdí ọ̀rọ̀ wa kò jìnnà. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, fi hàn pé láàrin ọdún kan, mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà ló lo igbó tàbí oògùn mìíràn lọ́nà tí dókítà kò là sílẹ̀, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ẹkùn ìwọ̀-oòrùn gúúsù tiwa yìí ló ga jù, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. L'Ékòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́ta.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fa igbó ni orí rẹ̀ ń dàrú. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń pa, àwọn ọ̀dọ́ tó sì mọ̀ pé irọ́ ni kò ní gba òtítọ́ yòókù lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tó ń fa èyí tó le lójoojúmọ́, tàbí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìdílé rẹ̀, ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní Colorado tún burú ju igbó lọ, nítorí ewé tí wọ́n fín kẹ́míkà sí ni. Ní ti oògùn olóró ice, tí àwọn Ìgbò ń pè ní mkpuru mmiri, a máa gba oorun lójú ẹni fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi dá a lójú pé àwọn kan ń dọdẹ òun, tí yóò sì fa àdá yọ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ti ọtí ló fara pamọ́ jù, òun la sì fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ti ń fi ògógóró tàbí paraga ṣínu láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn ará ilé wá fi ìfẹ́ tì mọ́lé lójijì pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn a bò ó. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, yóò máa rí èèrà àti eku lára ògiri, yóò máa bá àwọn tó ti kú sọ̀rọ̀, kò ní mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ilé a kún fún àdúrà, wọn a ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń jáde lára rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn. Ọpọlọ tó ti mọ́ lára láti máa rí ọtí ni ọtí wọ́n lójijì, àìsàn náà sì lè pani láàrin ọjọ́ díẹ̀. Oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ àti abẹ́rẹ́ fítámì B1 wà fún un nílé ìwòsàn. Ààwẹ̀ tí wọ́n ń mú un gbà lórí òkè ń pa kún ìyà rẹ̀ ni.

Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ohun tí wọ́n mu bá ti kúrò lára tán, ohùn wọ̀nyẹn a dákẹ́ láàrin ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá kọjá nǹkan bí oṣù kan tí kò dákẹ́, dókítà a wá àìsàn mìíràn tí oògùn olóró lè ti jí dìde. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni tó tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ló tètè ń bọ́.

A kò bá àwọn adáhunṣe ṣọ̀tá. Ní ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo dá ètò ìtọ́jú ọpọlọ ti Aro sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ọmọ Olúmọ, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ohun tí a kọ̀ ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún 2019, ọlọ́pàá kó àwọn ènìyàn tó ju igba lọ kúrò ní ibùdó kan tí wọ́n tì wọ́n mọ́ l'Ójòó, n'Íbàdàn. Òbí àwọn mìíràn ló fi ọwọ́ ara wọn fà wọ́n lọ síbẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìtìjú òbí ló ń mú wọn gbé ọmọ pamọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin wèrè ti ọdún 1958. Ṣùgbọ́n òfin kì í fún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Àwọn gómìnà wa ń yọ̀ nígbà tí àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró bá dáná sun àpò igbó lójú gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba kò ní ibùsùn kan fún ẹni tí igbó dà lórí rú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí àwọn gómìnà ya wọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà síbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí owó ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìjọba.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má de ọmọ yín mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fura, bí dókítà bá sì béèrè ohun tó mu àti ọjọ́ tó mu ún, ẹ sọ òtítọ́ fún un.