Ọmọ Àkàndá Náà Ní Eyín Lẹ́nu

Ọmọ tó lè sọ̀rọ̀, bí eyín bá ń dùn ún, yóò di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, yóò sì ké pe ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Òun yóò máa forí sọ ògiri. Yóò kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Yóò máa bu ara rẹ̀ jẹ lọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí ará ilé fojú kan oorun. Òbí mìíràn á ní àìsàn ọmọ náà ló tún gbé ìṣe rẹ̀ dé. Òmíràn á gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti la ẹnu ọmọ wò. Nígbà tí wọn yóò bá fi là á, eyín ti jẹrà dé gbòǹgbò, ìdí rẹ̀ ti ń ṣọyún, kò sì sí ohun tó kù ju kí wọ́n yọ ọ́ lọ.

Àwọn ọmọ àkàndá là ń sọ: ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ọmọ tó ní Down syndrome, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ nígbà ìbí tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ọmọ oníwárápá, ọmọ tó gbé ihò inú ọkàn wáyé, àti ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè fún wọn kò lọ́jú pọ̀. Kí dókítà eyín máa lọ bá wọn nílé ẹ̀kọ́ wọn kí eyín tó bàjẹ́, dípò tí à ń dúró dè wọ́n nílé ìwòsàn títí ọ̀rọ̀ yóò fi di yíyọ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó, tí gìrì ń gbé, ṣé eyín ló wá kàn? Bẹ́ẹ̀ ni, eyín ló kàn, nítorí lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, eyín kì í ṣe làpálàpá. Eyín tó ń ṣọyún lè dá ìrora eegun sílẹ̀ lára ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, kó sì sọ ọ́ di èrò orí bẹ́ẹ̀dì. Kòkòrò àrùn láti ìdí eyín tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọkàn tó ní ihò, kó sì ba ibẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń fún àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn apakòkòrò kó tó yọ eyín wọn. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ló sì ń gbé àléébù ọkàn wáyé. Phenytoin, oògùn wárápá tí àwọn ọmọ kan ń lò, lè mú kí ẹran ìdí eyín wú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo eyín. Lékè gbogbo rẹ̀, ọmọ tí ẹnu ń dùn kì í jẹun, ọmọ tí kò bá sì jẹun kò ní lágbára tí ìtọ́jú mìíràn yóò fi ràn án. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹ̀tẹ̀ náà sàn, ẹnu ọmọ ni kó kọ́kọ́ là wò.

Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tó ń ba eyín wọn jẹ́, inú ìtọ́jú gan-an ló ti wá. Ọ̀pọ̀ oògùn olómi tí à ń fún wọn lálaalẹ́ kún fún ṣúgà. Ọmọ tí kò lè rún oúnjẹ, ògì àti oúnjẹ rírọ̀ ló ń jẹ, oúnjẹ náà á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí ahọ́n kò lágbára láti gbá a kúrò. Ọmọ ọ́tísíìmù lè máà fẹ́ kí burọ́ṣì kan òun lẹ́nu rárá. Ìyá tó ti ń pọn ọmọ ọdún 9 kiri láti àárọ̀, ta ni yóò bá a wí pé kò fọ ẹnu ọmọ náà lálẹ́?

Ìyá yẹn kan náà, bó bá gbìyànjú dé ilé ìwòsàn, kí ló máa ń bá pàdé? Àtẹ̀gùn tí kò ṣeé gbé kẹ̀kẹ́ gùn. Ìlà tó gùn, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wo ọmọ rẹ̀ bíi pé wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Iná tó mọ́lẹ̀ rekete àti ariwo ẹ̀rọ tí ń lu eyín, tí ọmọ náà kò lè fara dà. Ọmọ á figbe ta, dókítà tí kò kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá nígbà tó bá ti fara balẹ̀. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ eyín ọmọdé dáadáa wà ní ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH l'Ékòó, UCH n'Íbàdàn, àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni gbogbo ibẹ̀. Òbí tó ń gbé Ìkárẹ́ tàbí Ìṣẹ́yìn yóò kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, Muhammadu Buhari, bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ní kí ìjọba rí i dájú pé wọ́n ń rí ìtọ́jú ìlera gbà láìsí ojúsàájú. Òfin náà ní bí wọ́n bá dé ibi tí èèyàn ti ń tò, àwọn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé láti oṣù kìn-ín-ní 2024. Òfin Àjọ Adójútòfò Ìlera, NHIA, ti ọdún 2022 pẹ̀lú ka àwọn àkàndá mọ́ àwọn tí owó àkànlò yóò máa ràn lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011. Ìwé ti kún. Iṣẹ́ ló kù.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti lè bẹ̀rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti wà lójú kan, pẹ̀lú olùkọ́ tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán: l'Ékòó, ní Modupe Cole l'Ákọkà, ní Pacelli ti àwọn afọ́jú àti Wesley ti àwọn adití ní Sùúrùlérè, àti ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ yòókù. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní dókítà eyín tirẹ̀, tí yóò máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ eyín wá ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ní àbẹ̀wò àkọ́kọ́, kó má ṣe nǹkan kan ju pé kó bá àwọn ọmọ ṣeré, kó fi dígí kékeré ìwoyín hàn wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kó fi hàn wọ́n, kó tó ṣe é. Ọmọ tó ti mọ ojú dókítà kò ní fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù àga rẹ̀.

Owó ńkọ́? Kò pọn dandan kó pọ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí, ó sì fi oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní silver diamine fluoride kún un. Ṣe ni wọ́n ń kùn ún sí eyín tó ti ń jẹrà, ìjẹrà sì sábà máa ń dúró, láìlo ẹ̀rọ, láìgún abẹ́rẹ́. Ẹ̀kán kan lè tó eyín bíi mélòó kan. Ó máa ń sọ ibi tó ti jẹrà di dúdú, ó sì yẹ kí òbí ti gbọ́ èyí kí wọ́n tó kùn ún. Ṣùgbọ́n eyín dúdú tí kò dunni sàn ju kí a gbé ọmọ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí a fi oògùn akunilóorun kùn ún lóorun, kí a tó lè yọ eyín 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé yàrá iṣẹ́ abẹ ní tòótọ́, kí adójútòfò ìlera san owó oògùn akunilóorun náà, nítorí kì í ṣe fàájì.

Àwọn òbí náà ní ipa tiwọn. Kí ọmọ tó pé ọdún kan ló yẹ kí dókítà ti rí ẹnu rẹ̀. Bí ọmọ bá mu oògùn aládùn tán, ẹ fún un lómi mu. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gbé orí rẹ̀ lé àyà yín, kí ẹ fi burọ́ṣì rírọ̀ fọ ẹnu rẹ̀. Ọṣẹ tó tó hóró ìrẹsì ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Bí ìwà ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bá ṣàdédé yí padà, kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Ẹ má sì fi í pamọ́ sínú yàrá nítorí ojú ayé.

Kọmíṣánnà ètò ìlera àti ti ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan là ń bá wí. Kí wọ́n jókòó pọ̀ kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n ka iye ilé ẹ̀kọ́ àkàndá tó wà lábẹ́ wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ dókítà eyín kan sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde kí gbogbo ìlú rí i. Ilé ẹ̀kọ́ tí iwájú tirẹ̀ bá ṣófo, àwọn kọmíṣánnà náà la ó béèrè lọ́wọ́ wọn.