Ọ̀ràn Igi Àgbáyun

Ní ọdún 2021 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ fi àṣẹ sí i pé kí a lè máa ta èso àgbáyun gbígbẹ ní ilẹ̀ wọn. Orúkọ tí òfin wọn sì fún un ni ‘oúnjẹ titun’. Titun kẹ̀! Èso tí àwọn ìyá wa ń jẹ kí ẹ̀kọ kíkan lè dùn lẹ́nu wọn, tí àwọn àgbà ń jẹ kí wọ́n tó mu ẹmu tí ó ti kan. Èyí tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, des Marchais, rí ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1725, tí ó sì ròyìn rẹ̀. Àwa kò bá wọn jà. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé, bí ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé bá rin ọjà Mile 12 já lónìí, ẹ ó rí ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ní òkìtì-òkìtì, ṣùgbọ́n yóò ṣòro kí ẹ tó rí àgbáyun. Bí ẹ bá sì bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ikosi léèrè, ó lè wí fún yín pé orúkọ ènìyàn ni.

Èso náà pupa, ó kéré, kóró kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò dùn púpọ̀. Ohun kan tí ó wà nínú rẹ̀, tí Kurihara àti Beidler yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1968, tí a ń pè ní miraculin, a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n; bí ohun kíkan bá sì kan ahọ́n náà, adùn ni yóò gbọ́, fún ìwọ̀n ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná a máa ba agbára yìí jẹ́, nítorí náà a kì í sè é.

Nípa gbígbìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, àwa pàápàá kò sì yọ sílẹ̀. Ní ọdún kan a kó ogún kóró rẹ̀ jọ láti oko ìbátan wa. Gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe sí àgbàdo, a sá wọn sí oòrùn, a dì wọ́n sínú bébà, a fi wọ́n pamọ́ di ìgbà òjò. Ẹyọ kan kò hù. Kóró àgbáyun tí ó bá ti gbẹ ti kú. Ní ọjọ́ tí a bá jẹ èso náà gan-an ni kí a fọ kóró rẹ̀, kí a sì gbìn ín sí ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ ibòji, kí a máa bomi rin ín, ṣùgbọ́n kí omi má dúró sí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó kan ni ó fẹ́. Kí a má ṣe da eérú sí i. Ó lọ́ra púpọ̀: ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ó tó so. Ṣùgbọ́n tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni ewé rẹ̀ ń tutù, a sì lè gbìn ín sínú ìkòkò ńlá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni ní Ketu má wí fún wa pé sìmẹ́ńtì ti gba gbogbo àgbàlá òun.

A bẹ ẹ̀yin baálẹ̀ àti olóyè Kosofe pé kí ẹ gbin méjì-méjì sí iwájú ilé yín àti sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yín. Ẹni tí ó bá ní igi rẹ̀ ní oko bàbá rẹ̀, kí ó mú èso wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀. Kí ó má sì jẹ́ kí ó ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn tí ó bá ká a.