Ọ̀bẹ nìkan kọ́ ni ìwòsàn fáíbírọ́ìdì

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Àmọ́ ní Festac àti Amuwo-Odofin níbí, tí dókítà bá ti ní fáíbírọ́ìdì ni, ọ̀bẹ lọ̀pọ̀ obìnrin ń rò. Àwọn kan á sá lọ sídìí àgbo títí kókó á fi di ńlá. Mi ò bá wọn wí. Ta ni kì í bẹ̀rù ọ̀bẹ?

Láti ọdún 2004 ni àjọ FDA ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ọ̀nà mìíràn. Aláìsàn á sùn sínú ẹ̀rọ MRI, tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara. Dókítà á máa wo kókó náà, á sì darí ìró tí etí ò lè gbọ́ sí i, títí ooru á fi pa á. Wọn ò ní la ikùn rárá. Kì í ṣe gbogbo fáíbírọ́ìdì ló bá a mu o, àmọ́ ó yẹ kí aláìsàn mọ̀.

Òfin gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 ní kí wọ́n sọ oríṣi ìtọ́jú tó wà fún aláìsàn, pẹ̀lú ewu àti iye owó rẹ̀, ní èdè tó yé e.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí olówó nìkan lè san, ṣé ó wà lóòótọ́? Kí ìjọba gbé e wá sí ilé ìwòsàn tiwa. Ẹ̀yin ìyá wa, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà: “Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?” Ẹ̀tọ́ yín ni.