Òkè Ọrùn Gìtá Kì í Ṣe Ilẹ̀ Àjèjì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gìtá ni kì í kọjá mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò dábùú ọrùn gìtá, nítorí pé bí ọwọ́ bá ti ń lọ sókè, síhà ara gìtá, ohùn kan náà a máa wà lójú ibi púpọ̀: ohùn E tí okùn kìíní, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ń mú wá láìtẹ̀ ẹ́, náà ni okùn kejì ń mú wá ní fret karùn-ún, tí okùn kẹta sì ń mú wá ní fret kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ àmì kan ṣoṣo ni ìwé orin fi ń kọ ọ́. Fret kejìlá ló ń tú ìdijú yìí, torí pé ó pín okùn sí méjì ọgbọọgba, orúkọ àwọn ohùn sì tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ti wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, pàápàá ní ìlú Bìní, tí í ṣe ìlú Victor Uwaifo, onígìtá tí orin Joromi sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ fi òkè ọrùn gìtá kún ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé ìsàlẹ̀ nìkan mọ́ ìka akẹ́kọ̀ọ́ lára.