Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀sì Ọlidé: Ẹ Jẹ́ Kí Kálukú Mú Ọmọ Rẹ̀ Wo Ìlú

  

Ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ìpàdé wa tó kọjá tí mi ò lè dá sí, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, oníkálukú sì ti ń wá ọ̀nà ilé. Àwọn kan nínú wa dábàá pé tí ọlidé gígùn bá dé, kí ẹgbẹ́ háyà bọ́ọ̀sì ńlá, ká kó gbogbo ọmọ wa sínú ẹ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ kan wo Ìbàdàn yíká. Èrò náà dáa. Ẹni tó dá a lábàá mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ò mọ ìlú tí wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yẹn lèmi ò fara mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, ọmọ tèmi ò mọ ìlú kẹ̀? Ọmọ tó ń kiri láti Ọjàaba dé Bẹẹrẹ? Ẹ wò ó, kíkiri yàtọ̀ sí ìran wíwò. Ọmọ tó gbé igbá rù, oníbàárà lojú ẹ̀ ń wá, mọ́tò ló ń yà fún, ṣéńjì ló ń kà. Lọ́jọ́ kan mo bi ọmọ kan tó ń ta omi ọlọ́ràá nísàlẹ̀ òkè Mápó pé ilé wo nìyẹn lókè lọ́ọ̀hún. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ó ní, "Ilé ìjọba ni, mà." Mo ní ṣé ó ti débẹ̀ rí. Ó ní rárá o, àwọn tó wà lókè yẹn kì í ra omi.

Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀ kọ̀ǹgọ̀ sí mi o. Bó ṣe mọ ìlú nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń rà àti ibi tí wọn kì í ti í rà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Mi ò fi òfin dẹ́rù bà yín, gbogbo wa la mọ ohun tó gbé ọjà lé ọmọ lórí. Mo kàn ń sọ pé nínú ọjọ́ tó wà nínú ọdún, ẹyọ kan ò pọ̀ jù fún un.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ọgọ́ta ló wọ̀ ọ́, àgbàlagbà mẹ́fà ló tẹ̀lé wọn. Ká tó kà wọ́n tán níbi àkọ́kọ́, oòrùn á ti mú. Ọmọ kan fẹ́ tọ̀, gbogbo bọ́ọ̀sì á dúró. Òmíràn fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, ta ni á ráyè dá a lóhùn? Ìpàkọ́ ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n á wò lọ wò bọ̀. Tí ọ̀kan bá wá sọnù nínú èrò, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ ta la fẹ́ wá a lọ? Ẹgbẹ́ yìí ò ní lè fara gba irú ẹ̀.

Èyí tó sì ká mi lára jù ni pé ìyá ò ní sí níbẹ̀. Àwa tí à ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó jẹ́ pé bá a bá dé lálẹ́, ọmọ ti ń tòògbé sórí ìwé ẹ̀. Nígbà tá a bá jọ wà nísọ̀, ariwo la fi ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Gbé e wá! Dá a padà! Ṣé o ti ka owó ẹ?" Ọjọ́ kan tí ọmọ máa fi ní ìyá ẹ̀ fún ara ẹ̀, a tún fẹ́ gbé e fún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì.

Ohun tí mo rò ni pé kí kálukú mú ọmọ kan, ọjọ́ kan. Tẹ́ẹ bá bí mẹ́rin, ẹ mú ọ̀kan lọ́dún yìí, ẹ mú èkejì lọ́lidé tó bá tún dé. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì tí ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra, ẹ lè mú wọn pọ̀. Ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọdún. Ìwà wa nìyẹn, Iléyá tàbí Kérésì la máa ń rántí pé ọmọ fẹ́ ṣeré, gbogbo Ìbàdàn á wá já sí ibì kan náà. Èrò á kún ojú kẹ̀kẹ́, kún ojú Micra, owó ọkọ̀ á lọ sókè, ọmọ ò sì ní rí kìnnìún, ẹ̀yìn èèyàn ló máa rí. Ẹ wá ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà ọlidé, tí ọjà yín máa ń tutù. Kálukú wa mọ ọjọ́ tí ọjà tirẹ̀ máa ń tutù. Ẹ wo ojú ọ̀run o, nítorí ọlidé gígùn àti òjò, ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ibi mẹ́ta ti tó. Mo ti rí àwọn tó ní ibi méje làwọn fẹ́ lọ lọ́jọ́ kan. Ibi kẹrin, ẹ̀yìn ìyá lọmọ wà, ó ti sùn lọ.

Láyípo ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ lọ, láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Òun ni ilé gogoro tó wà lórí Òkè Àrẹ, tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi ṣèrántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó jókòó n'Ibàdàn, láti 1893. Orúkọ òyìnbó yẹn ò dúró lẹ́nu wa. Àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ló ń yí po, yí po, bí ìkarahun ìgbín títí téèyàn á fi yọ lókè, ohun táwọn èèyàn wa sì rí ni wọ́n pè é. Ẹ ní kí ọmọ máa ka àtẹ̀gùn bó ṣe ń gùn, kí ẹ̀yin náà kà á tẹ́ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀. Tí iye tẹ́ẹ kà ò bá dọ́gba, ẹ ti rí ohun tẹ́ẹ máa fi ṣàwàdà dé alẹ́ nìyẹn. Àyè inú ẹ̀ há o. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, ẹ má ṣagídí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ nìkan gùn ún.

Tẹ́ẹ bá dókè, ẹ má yára. Ẹ jẹ́ kó wo ìlú. Páànù lẹ máa rí, èyí tó ti dípẹtà àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, bó ṣe lọ títí tí ojú ò lè tó o mọ́. Ẹ sọ fún un pé ibùdó ogun ni gbogbo èyí, pé àwọn ológun ló wá dó síbí ní 1829, pé ẹ̀bá ọ̀dàn ló di Ìbàdàn. Ẹ wá ní kó wá ọjà wa fún yín. Ẹ má fọwọ́ tọ́ka sí i o, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ wá a. Á kọ́kọ́ wá Mápó, á wá ti ibẹ̀ máa fojú tọ ọ̀nà wá. Ọmọ tó bá lè fojú wá ìsọ̀ ìyá ẹ̀ láti orí Láyípo, tó bá sọnù nísàlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, á mọ òkè tó yẹ kó kọjú sí. Èyí nìkan tó owó ọkọ̀ yẹn.

Láti ibẹ̀, Mápó ò jìnnà. 1929 ni wọ́n ṣí i. Ẹ jẹ́ kó gòkè débẹ̀, kó fọwọ́ kan àwọn òpó ńláńlá yẹn, kó mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé Olúbàdàn ládé, bí wọ́n ṣe dé Ọba Lékan Balógun níbẹ̀ ní 2022. Kó mọ̀ pé òun náà lè dúró lókè yẹn láìta omi.

Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ìdúró ni, kì í ṣe ìjókòó, nítorí náà mi ò kà á mọ́ mẹ́ta. Ẹ dúró ní òdìkejì títì, níbi tí mọ́tò ò ti ní dé ọ̀dọ̀ yín, kẹ́ẹ ní kó ka àjà ẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, gíga ẹ̀ sì tó mítà 105. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n parí ẹ̀ láàárín 1964 sí 1965, Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè é. Iná jó o ní 1985, ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọmọ oníṣòwò ló yẹ kó gbọ́ ìtàn yìí jù. Kòkó tí àgbẹ̀ ń sá sórí ẹní, tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, tí àwọn ìyá wa kan náà rà tí wọ́n tà, òun ló dìde dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi yé e pé gbogbo ohun tó ga nílùú kọ́ ni òyìnbó gbé wá.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà Challenge lẹ máa gbà délé, ẹ fi ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó wà ní oríta náà hàn án. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí máa ń dùn mí. Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, òǹrorò lásán làwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n sí. Ó ní ẹrú lóòótọ́, ó tà wọ́n lóòótọ́, kò yẹ ká fi í pa mọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ńlá ni, tó ń fún àwọn ológun ní ohun ìjà láwìn, tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú níbi ìbímọ, tí àwọn ọkùnrin tó jẹ ẹ́ lówó sì wà lára àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ ọn ní 1874. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ ìtàn ẹ̀ síwèé, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà nínú ikú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ta ọjà àwìn rí á tètè yé ìyẹn ju olùkọ́ lọ.

Ibi kẹta, níbi tí ara ti máa rọ̀ yín: ọgbà ẹranko UI tàbí ọgbà Àgódi. Ẹ mú ọ̀kan. Ọmọ tó ti ń kàwé, ẹ mú un lọ sí UI, kó rí kìnnìún àti ọ̀bọ àti ejò, kó sì tún rí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti wà láti 1948. Ọmọ tó bá ti wọ géètì yunifásítì lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìyá ẹ̀ kò ní máa bẹ̀rù géètì yẹn. Ọmọ kékeré, Àgódi ló dáa fún un: igi wà, ibòji wà, koríko tó lè sáré lórí ẹ̀ wà. Omíyalé 2011 ba ibẹ̀ jẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Owó ìwọlé máa ń yí padà, ẹ bi ẹni tó lọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kẹ́ẹ tó jáde.

Oúnjẹ? Ẹ dì í nílé. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ò ní bà jẹ́ títí ọ̀sán, omi sì wúwo ṣùgbọ́n ẹ gbé e. Ìgbádùn kan tẹ́ẹ lè rà ni àmàlà lọ́sàn-án, kẹ́ẹ jókòó jẹ ẹ́ pọ̀ bí àlejò. Sálúbàtà tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni kó wọ̀, kì í ṣe bàtà ọdún. Aṣọ tí àwọ̀ ẹ̀ tàn, kẹ́ẹ lè tètè rí i nínú èrò. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú bébà sí àpò ẹ̀, kẹ́ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lórí. Owó yín, ẹ so ó mọ́dìí bẹ́ẹ ṣe ń ṣe lọ́jà. Fọ́tò, ẹ yà á, àmọ́ ẹ fi fóònù náà sápò lẹ́yìn ìyẹn, oníbàárà tó bá pè á tún pè lọ́la.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsọ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ta ló máa bá wa wò ó? Àwọn bàbá wa ṣe àáró lóko: mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Kí ló dé tí a ò lè ṣe é nísọ̀? Ẹni méjì tí ìsọ̀ wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tí wọ́n mọ iye tí ọjà ara wọn ń lọ. Kí ẹni tó ń lọ ka ọjà sílẹ̀ kó tó lọ, kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́, kí ìjà má wà níbẹ̀. Ní ti owó, ẹni tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ lè yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. A ń wá owó aṣọ ẹbí tí a ò ní wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tún fẹ́ sọ èyí, kó má bí ẹnikẹ́ni nínú. Nígbà tí mo sọ pé ọmọ, mo ka ọmọ tí wọ́n mú wá bá yín láti abúlé mọ́ ọn. Òun ló ń jí gbá ilẹ̀, òun ló ń gbé ọjà jùlọ, òun lẹ sì máa fi sílẹ̀ kó ṣọ́ ìsọ̀ nígbà tẹ́ẹ bá mú ti inú yín jáde. Tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́. Bọ́ọ̀sì ò ní gbé e, ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ ẹ̀ ò ní wọ ìwé.

Tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì bá tún wá sí ìpàdé, èmi máa sọ pé ká má háyà ẹ̀, ká fi díẹ̀ nínú owó náà ran àwọn opó àárín wa lọ́wọ́ kí àwọn náà lè mú ọmọ wọn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àáró ìsọ̀, kó sọ fún olórí ìlà rẹ̀ kí ilé ìwé tó gba ọlidé, kó sì dárúkọ ọjọ́ méjì, nítorí ẹnìkejì ẹ̀ náà ní ọjọ́ tí ọjà tirẹ̀ ń yá. Èmi àti aláta ẹ̀gbẹ́ mi ti mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì. Òun ló máa kọ́kọ́ lọ, ọmọ ẹ̀ ò jẹ́ ká gbádùn mọ́ látìgbà tó ti gbọ́.