Kúrunmí Ìjàyè àti Òfin Ilẹ̀

Ẹni tí ó bá gba Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè-Orílé lónìí, ní ilẹ̀ Akínyẹlé, oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo àti igbó ìjọba ni yóò rí. Ó ṣòro láti gbàgbọ́ pé ìlú kan tí ó ń bá Ìbàdàn du ipò àgbà ti wà níbẹ̀ rí, àti pé Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó ń pàṣẹ rẹ̀.

Aláàfin Àtìbà ni ó fi í jẹ oyè náà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Àrẹ̀mọ Adélù kò bá baba rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó gorí oyè. Àtìbà tìkára rẹ̀ ni ó ti yí àṣà náà padà, Ìbàdàn sì fara mọ́ ọn. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀, kò sì wárí fún ọba titun.

Àwọn kan a máa sọ pé ìgbéraga lásán ni èyí. Wọn kò ṣe òdodo sí òkú. Ẹni tí ó di òfin mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jù ú sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ènìyàn gbàgbé pé ogún obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Ìjánnà wà nínú ìjà náà, àti pé ẹni tí ó ń gbèjà òfin Ọ̀yọ́ yìí, òun nìkan ni òfin ní Ìjàyè.

Irú ọ̀ràn yìí ti bá olórí ogun mìíràn rí. Ní ilẹ̀ Faransé, ọlọ́lá kan, Gaspard de Coligny, ni ó ṣáájú ogun àwọn tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ Calvin gbọ́. Òun náà kò jẹ́ kí a fi ipá yí ìgbàgbọ́ òun padà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1570, ó fi idà bọ àkọ̀, ó sì padà lọ bá ọba sọ̀rọ̀ ní ààfin. Lóòótọ́, wọ́n pa á ní Paris ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, 1572, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dán ọ̀nà àlàáfíà wò kí ó tó kú. Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn rán oníṣẹ́ sí Kúrunmí. Kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ogun dé ní 1860. Balógun Ìbíkúnlé kò fẹ́ ẹ, Ògúnmọ́lá ni ó ń gbóná sí i. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbàdàn dí ọ̀nà oúnjẹ láti Òkè-Ògùn, ìyàn mú. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ wọn gba oúnjẹ. Ta ni ó bi àwọn ọmọ náà léèrè bóyá Adélù yẹ ní ọba?

Kúrunmí rí i kí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà kú lójú ogun. Ìbànújẹ́ pa á ní 1861, kí ìlú tó fọ́. Ní oṣù kẹta, 1862, Ìbàdàn wọ Ìjàyè, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá sì sá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ.